Ẹgbẹ́ àdúrà nínú ìjọ Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá

Ẹgbẹ́ àdúrà ni àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ tí wọ́n ń pàdé déédéé, yàtọ̀ sí ìsìn gbogbo ìjọ, láti gbàdúrà, láti ka Bíbélì àti láti bójú tó ara wọn. Ilé ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń lò, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù ti ń ṣe nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí kejì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló bí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), ọmọ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara sì ni ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú ìtàn ìjọ náà.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọdún 1742, ní Bristol, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley pín ara wọn sí kíláàsì, ènìyàn bíi méjìlá sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbèsè ilé ìsìn ni wọ́n fẹ́ san; ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó láti ilé dé ilé ló kọ́kọ́ ń mọ ẹni tó ṣàìsàn àti ẹni tó ti ń ṣáko. Àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì mú ètò náà wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye

Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ti ọdún 1918, Joseph Ṣàdáre, alágbẹ̀dẹ wúrà, àti àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà. Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ tí àrùn náà ti mú rí, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ní Ọlọ́run fi hàn òun pé àdúrà àti omi òjò ni kí wọ́n fi wo àwọn aláìsàn. Nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àyè alágbẹ̀dẹ àti ọ̀dọ́bìnrin ni láti jókòó kí wọ́n gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn ni à ń gbọ́.

Ìjọ kò fara mọ́ ọn pé wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti oògùn. Ní 1922 wọ́n kúrò. Ṣàdáre fi ipò rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì lé àwọn ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Owó oṣù àti ẹ̀kọ́ ọmọ kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn tó pàdánù wọn kò ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn ju ara wọn lọ.

Babalọlá àti Odò-Ọwá

Odò-Ọwá, nítòsí Ìlọ́fà, ni wọ́n ti bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904, nínú ìdílé Áńgílíkà. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ló ń wà ní October 1928 nígbà tí ó ní òun gbọ́ ohùn tó pè é síṣẹ́ ìwàásù. Ó padà sílé, ó ń darí ìpàdé àdúrà nínú ìjọ ìlú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ríran, àwọn aláṣẹ ìjọ ní kí òun àti wọn jáde: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tún ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó jáde láti ara ti Ṣàdáre, àwọn èrò sì ya lu ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní July 1930.

Àǹfààní àti ewu

Nínú ìjọ ńlá, ẹnì kan lè pa ìsìn jẹ fún oṣù kan kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Láàárín ènìyàn mẹ́wàá, àyè rẹ̀ yóò ṣófo lójú gbogbo wọn. Fún arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìlọrin tàbí Èkó, irú èyí tó wà ní Ọ̀sì àti Ìlọ́fà bí ó ti wà níbòmíràn, èyí lè ju ìwàásù lọ.

Ewu rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí kò gba ìbéèrè lè sọ ìgbàgbọ́ ẹnì kan di òfin. Kíkọ oògùn ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church tó wá láti Bìrìtéènì ń lo oògùn ibà, èyí sì wà lára ohun tó pín wọn níyà pẹ̀lú àwọn tó di CAC.

Lẹ́yìn ọdún 1950

Láti inú Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa tí Josiah Akíndayọ̀mi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1952 ni Ìjọ Ìràpadà (RCCG) ti jáde. Ní 1973, William Kúmúyì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15 ní Yunifásítì Èkó. Òun ló di Deeper Life. Ìjọ méjèèjì ti tóbi, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pín ọmọ ìjọ sí ìpàdé inú ilé.