Etí Ló Ń Ṣáájú Ojú

Àwọn kan wà láàrin àwa tí à ń kọ́ ọmọdé ní fèrè tí wọ́n gbà pé ọmọ tí kò bá tíì lè ka nóòtù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fèrè. Wọ́n á fa ìlà márùn-ún sójú pátákó, ọmọ á máa dà á kọ sínú ìwé, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, fèrè á sì wà nínú àpótí. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ẹni tó bá fi etí kọ́ orin kò ní lè ka ìwé orin mọ́ láéláé. Àṣìṣe ni, fèrè fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ já a nírọ́.

Ẹ wo tìróńpẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló ní. Bí ọmọ kò bá tẹ ọ̀kankan nínú wọn, do ìsàlẹ̀ lè dún, sọ lè dún, do òkè lè dún, mi tó wà lókè rẹ̀ náà lè dún. Ètè àti èémí ló ń yan èyí tó máa jáde. Ìwé lè sọ fún ìka pé kó má tẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ètè bí yóò ṣe fún ara rẹ̀ pọ̀ tó. Mo ti rí ọmọ tó da orúkọ nóòtù rẹ̀ mọ̀ láìṣìṣe, tí ìka rẹ̀ wà níbi tó yẹ, tó wá ń fẹ́ sọ níbi tí do wà, tó sì gbójú sókè wò mí tayọ̀tayọ̀. Gbogbo ohun tí a kọ́ ọ ló ṣe. A ò kọ́ etí rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ti tìróńbóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipò méje ni ọ̀pá rẹ̀ tí à ń fà síwá fà sẹ́yìn ní, kò sì sí àmì lára rẹ̀ tó ń fi wọ́n hàn. Etí ló ń sọ fún ọwọ́ pé kó dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ìlànà pé kí ohùn ṣáájú àmì, èyí tí wọ́n fà yọ látinú ẹ̀kọ́ Pestalozzi ará Switzerland, ni Lowell Mason ń lò ní Boston, níbi tí àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ti gba orin wọlé bí iṣẹ́ kíláàsì ní 1838. Ní Japan, Shinichi Suzuki wò ó pé gbogbo ọmọ ilẹ̀ òun ló ń sọ èdè ìyá wọn kí wọ́n tó mọ̀wé, ó sì gbé ẹ̀kọ́ fayolíìnì lé e lórí. Àwọn kan ń sọ pé Suzuki kórìíra ìwé orin. Kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní kí ìwé dúró de etí ni, kò ní kí a sọ ọ́ nù.

Àwa gan-an ti mọ ọ̀nà yìí. Nígbà tí tíṣà Yorùbá fẹ́ kọ́ wa ní àmì ohùn, dò re mí ló ní ká fi ẹnu pè ká tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọmọ àyàn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń lù fún un. Ó ti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóde àìmọye ìgbà, ó ti gbọ́, ó ti fi omele ṣìṣe, wọ́n ti tọ́ ọ sọ́nà, kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ léjìká. Ẹ̀kọ́ ni, ó sì le.

Èmi ò sọ pé kí a pa ìwé tì. Báńdì tí onífèrè ogún wà nínú rẹ̀, tí kálukú ní ohùn tirẹ̀, kò lè fi etí nìkan rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti lè kọ orin kan lẹ́nu, tó sì ti fẹ́ ẹ, máa ń rí i lórí ìwé bí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣí àpótí lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fẹ́ ohùn kan fún wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n fi ẹnu kọ ọ́, kí wọ́n wá a lórí fèrè títí wọ́n á fi rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fa ìlà márùn-ún sójú pátákó.