Olórin Tí A Rán Níṣẹ́

"Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Òwe yìí kò ní kí ìránṣẹ́ da iṣẹ́ nù, kò sì ní kó rù ú délé bó ṣe gbà á. Làákàyè ló fi lé e lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ ni ẹni tó bá ń kọ orin tí ẹlòmíràn ti kọ. Bí obìnrin bá wá gba orin ọkùnrin, ṣé kó sọ akọ inú rẹ̀ di abo ni, àbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ní 1965, Otis Redding gbé "Respect" jáde. Nínú orin náà, ọkùnrin tó ń kówó bọ̀ wálé ni, ó ní kí obìnrin òun máa bọ̀wọ̀ fún òun bí òun bá ti wọlé. Ní 1967, Aretha Franklin gba orin náà, ó di obìnrin tó lówó tirẹ̀, tó ń béèrè ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ó tún ń pe "respect" ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò sí nínú ti Otis. Iṣẹ́ baálé ilé ló gbà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́.

Ẹ tún wo orin "The House of the Rising Sun". Nígbà tí Georgia Turner, ọmọ ọdún 16, kọ ọ́ ní Kentucky ní 1937, ọmọbìnrin ni ilé yẹn bayé rẹ̀ jẹ́. Bob Dylan kọ ọ́ sínú àwo rẹ̀ tó jáde ní 1962, kò yí i. Ọmọbìnrin náà ló ń dárò lẹ́nu ọkùnrin. Ní 1964, ẹgbẹ́ olórin The Animals sọ ọ́ di ọmọkùnrin. Atatẹ́tẹ́ tó jẹ́ olólùfẹ́ nínú ti Dylan wá di bàbá. Ọ̀rọ̀ kan yí, ìtàn bá a yí. Dylan jíṣẹ́, àwọn náà jíṣẹ́. Ẹni tí kò jíṣẹ́ ni ẹni tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nítorí ohun tí ayé máa wí, tí ìyókù orin wá dà bí agbádá àyálò lọ́rùn rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá, torí ó ya akọ sọ́tọ̀, ó ya abo sọ́tọ̀. Tiwa, "ó" kan náà ni. Ní Kétu, ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, abo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì lọ́mú. Kò sẹ́ni tó máa ní kó bọ́ ọmú sílẹ̀ kó tó jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń wò, bóyá ó bá ìlù mu.