Ìtàn tí A Fi Àwòrán Sọ

Àwọn kan a máa wí pé ìwé tí ó kún fún àwòrán, ìwé ọmọdé ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ìwé A-B-D tó dé àárín wa ni àwọn agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ìtàn sára òpó àti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ tòun ti adé, olorì rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn arẹrù gbé Ambrose, òyìnbó aláṣẹ, bọ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí ohun tí Ọlọ́wẹ̀ ń wí: ọba kò dìde lọ pàdé àlejò, àlejò ni ó tọ ọba wá. Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum.

Ní ayé òde-òní, àwọn ènìyàn ti ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ìgbésí-ayé ara wọn àti ti òbí wọn nínú ìwé. Ọ̀kan tí ó lókìkí ni Maus, tí Art Spiegelman, ọmọ Júù tí ó dàgbà ní Amẹ́ríkà, yà. Apá kìíní jáde ní ọdún 1986, èkejì ní 1991. A sì fi ẹ̀bùn Pulitzer àkànṣe dá a lọ́lá ní 1992. Vladek baba rẹ̀, Júù ará Pólàńdì, la ibùdó ikú Auschwitz já nígbà ogun Hitler. Ọmọ jókòó ti baba, ó ń bi í léèrè, ó sì ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú àwòrán náà, orí eku ni àwọn Júù ní, orí ológbò sì ni ti àwọn ará Jámánì. Ẹni tí ó gbọ́ àlọ́ ìjàpá dàgbà kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Ní ojú ìwé kan náà, a ó rí baba arúgbó tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, a ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí òun jẹ́ ní Pólàńdì. Àná àti òní a wà papọ̀ níwájú wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó dùn wá púpọ̀. Anja, ìyá Art, ti kọ ìrírí tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1968, baba, nínú ìbànújẹ́ rẹ̀, sun àwọn ìwé náà. Ọ̀rọ̀ baba kù. Ti ìyá di eérú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni olorì tí ó dúró lẹ́yìn Ògògà: igi fi ìdúró rẹ̀ hàn wá, ṣùgbọ́n igi kò sọ ohun tí ó rò lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bèèrè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jókòó ti àwọn baba wa, kí a má sì gbàgbé àwọn ìyá. Ẹni tí ó mọ ìwé, kí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó mọ àwòrán, kí ó yà á, nígbà tí ohùn wọn ṣì ń dún ní etí wa.