Òórùn Ẹ̀tù Nínú Ìtàn Wa

Bí ìbọn bá dún, ìró rẹ̀ a lọ kíá, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀tù a dúró sára aṣọ. Àwọn tí ń po lọ́fínńdà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí. Ilé iṣẹ́ BeauFort London ṣe ọ̀kan tí ó ń jẹ́ Tonnerre ní ìrántí ogun ojú omi Trafalgar ti ọdún 1805. Kì í ṣe pé a ń da ẹ̀tù sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Òróró dúdú tí ń jáde lára èèpo igi tí a fi iná sun wà lára ohun tí àwọn apo-lọ́fínńdà ń lò fún òórùn èéfín. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni òórùn yìí lè rán àwa létí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀tù jẹ́. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 75 jẹ́ irú iyọ̀ kan tí kì í ṣe ti ọbẹ̀, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí-ọjọ́. Imí-ọjọ́ ni ó ń fún un ní òórùn tí ń ta ni nímú. Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ìwé wọn kan ti ọdún 1044 sọ bí a ti ń pò ó.

Láti orí òkun ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò, àwọn kan náà tí wọ́n ń ra ènìyàn lẹ́rú. Ọ̀jọ́ wà lẹ́bàá omi tí ọkọ̀ ń gbà láàárín Àgbádárìgì àti Èkó. Ìbà àti Òkòkòmáíkò kò sì jìnnà sí i. Nítorí náà, agbègbè yìí wà ní ojú ọ̀nà òwò náà.

Àgbádárìgì ni Ọba Akíntóyè wá wà lẹ́yìn tí Kòsọ́kọ́ ti lé e kúrò lórí oyè ní ọdún 1845. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Iná mú ilé Òṣòdì Tápà, ẹ̀tù tí ó wà níbẹ̀ sì bú gbàmù. Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè padà sórí oyè, ní ọdún 1861 Gẹ̀ẹ́sì sì gba Èkó pátápátá.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún ogun náà: Àgídìngbì. Ìró àgbá ni. Ẹ tún wo Kíríjì, ogun Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877: ìró ìbọn náà ni. Etí ni ó sọ ogun méjèèjì lórúkọ. Ohun tí imú gbọ́ kò ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni òórùn náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé tí ó ń jó àti òkú tí a kò rí sin.

Òórùn náà kò tíì tán láàárín wa. Ìpinnu tí àwọn òyìnbó ṣe ní Brussels ní ọdún 1890 fi òfin de títa ìbọn ìgbàlódé fún ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ṣakabùlà àti ẹ̀tù. Títí di òní, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a yìnbọn fún un. Níbẹ̀, òórùn ẹ̀tù di ti ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002 kò ní gbọ́ ti ẹ̀yẹ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ohun ìjà tí a kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bú. Àwọn ènìyàn ń sá, ọ̀pọ̀ kó sínú odò Òkè-Afà, ó sì lé ní 1,000 ẹni tí ó kú.

Gẹ̀ẹ́sì ti fi Trafalgar sínú ìgò, nítorí wọ́n ṣẹ́gun níbẹ̀. Àwa tí irú àgbá kan náà yìn lù kò lè fi í pa ara lóòórùn lásán. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń bi àwọn àgbà léèrè ìtàn, ẹ má ṣe bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́ nìkan; ẹ bi wọ́n ní ohun tí ó rùn pẹ̀lú. Àgbà tí ó bá lọ, ó mú tirẹ̀ lọ.