Bí oògùn ò bá ká jẹjẹrẹ prostate ọkọ yín mọ́

Bí dókítà bá ti ní oògùn ò ká jẹjẹrẹ náà mọ́, ìrora ọkọ yín ṣì ṣeé dín kù. Eegun ni àìsàn yìí sábà máa ń wọ̀, pàápàá eegun ẹ̀yìn. Ìyẹn ni bàbá ò ṣe ń rí oorun sùn. Ẹ béèrè mọ́fíìnì mímu lọ́wọ́ dókítà. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó wà fún irú ìtọ́jú yìí. Ẹ máa fún un lásìkò tí wọ́n dá, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ké. Kì í jẹ́ kéèyàn rí ìgbẹ́ yà, ẹ gba oògùn ìyàgbẹ́ mọ́ ọn.

Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ṣàdédé rọ, tàbí tí kò lè tọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Tí ò bá fẹ́ jẹun, ẹ má fipá fún un. Àìsàn ló ń ṣe é, kì í ṣe pé ọbẹ̀ yín ò dùn.