DNA ò mọ oríkì ẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rí irú fídíò yẹn rí. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tutọ́ sínú ìgò kékeré, ó fi ránṣẹ́, èsì dé: "Nàìjíríà 33%." Ló bá bú sẹ́kún. Àwa náà á ní "Káàbọ̀ sílé!" Ṣùgbọ́n ilé wo gan-an? Ẹ tẹ̀ lé mi 🧵

1. Lọ́dún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah lọ sí Mobile, ní Alabama. Amẹ́ríkà sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808 o! Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú.

2. Kossola wà nínú wọn. Nígbà tí Zora Neale Hurston lọ bá a ní 1927 àti 1928, bàbá ti darúgbó, àmọ́ ó ṣì rántí orúkọ bàbá ẹ̀, Oluale, àti bí ogun Dàhómì ṣe ya wọ ìlú wọn ní ìdájí. Ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀ ni àwọn òpìtàn tọ̀ títí dé agbègbè Bantè, láàárín àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin. Itọ́ kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni.

3. Ká ní àyẹ̀wò nìkan ni, èsì lè ní "Nàìjíríà", ó lè ní "Benin àti Togo". Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lọ́hùn-ún, Ọ̀yọ́ wà níbí. Òyìnbó ló fa ààlà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Èèyàn tó wà láyé lónìí ni wọ́n ń fi ẹ ṣe àfiwé, wọn ò rí àwọn baba ńlá ẹ bi.

4. Ìdajì DNA ẹ wá látọ̀dọ̀ ìyá ẹ, ìdajì látọ̀dọ̀ bàbá ẹ. Ti ìyá àgbà kan á tó nǹkan bí 25%, ti ìyá tó bí i á tó nǹkan bí 12.5%. Tó bá ti tó ìran méje tàbí mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹni tó bí ìran ẹ lè má ní ẹyọ kan lára ẹ mọ́. Ṣé kì í ṣe baba ńlá ẹ mọ́ nìyẹn ni? Rárá o.

5. Àmọ́ ó wúlò, mi ò ní parọ́. Ìkànìyàn ọdún 1870 ni Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú sílẹ̀. Nínú ìwé ẹrú ti 1850 àti 1860, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo ni, orúkọ ò sí fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Tí DNA bá wá fi ìbátan kan hàn ẹ́, tí ilé tiwọn ṣì rántí orúkọ ìyá àgbà, o ti fo ògiri yẹn nìyẹn.

6. Ṣọ́ra o. Àyẹ̀wò yìí lè sọ fún ẹ pé bàbá tó tọ́ ẹ kọ́ ló bí ẹ. Kì í sì ṣe àṣírí tìẹ nìkan ló máa tú, tàwọn àbúrò ẹ náà ni. Bi ara ẹ kó o tó tutọ́: ṣé mo lè gbé e?

7. Tí màmá àgbà bá ṣì wà, pè é lálẹ́ òní. Tan fóònù, gbà á sílẹ̀: oríkì, orúkọ agboolé, èèwọ̀, ẹni tó bí ẹni. DNA lè dúró dè ẹ́ di ọdún tó ń bọ̀. Màmá lè má dúró.