Kòkòrò Inú Àpótí gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ọ̀ràn Amuro

Àwọn òpìtàn Yorùbá ti mọ bí a ti ń fi oríkì, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé ìjọba amúnisìn ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí kan wà tí a kì í sábà kà kún un: òkú kòkòrò tí a fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ àpótí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Pélébé ìwé máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ibi tí a ti mú un, ọjọ́ tí a mú un àti ẹni tó mú un. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè fi hàn bóyá oyin, labalábá àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó dé òdòdó ti dínkù ní Amuro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopamuro, ìpínlẹ̀ Kogi?

Níbi tí àkójọ ti pọ̀, ẹ̀rí náà lóhùn. Ní ọdún 2013, Ignasi Bartomeus àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí nǹkan bí 30,000 oyin tó wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Amẹ́ríkà. Oríṣi 438 ni wọ́n yẹ̀ wò, láàárín nǹkan bí 140 ọdún. Kì í ṣe gbogbo oríṣi ló dínkù. Àwọn oyin ńlá onírun mẹ́ta ló jó rẹ̀yìn gidigidi. Ní ọdún 2014, Jeroen Scheper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands yẹ lẹ́búlẹ́bú tó ṣì wà lára àwọn oyin tí a mú ṣáájú 1950 wò. Wọ́n rí i pé àwọn oyin tí òdòdó àyànfẹ́ wọn ti ń tán lọ ni àwọn náà ń tán lọ. Òkú kòkòrò tipa bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ohun tó fa àdánù náà.

Síbẹ̀, ẹ̀rí yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni akókòòròjọ sábà máa ń wá. Ó lè fojú fo èyí tó pọ̀ níta. Nítorí náà, iye inú àpótí kì í ṣe iye inú igbó. Ìpín oríṣi kan láàárín àwọn yòókù ni olùṣèwádìí ń fi wéra láti ìgbà dé ìgbà. Bí a ti ń bi ìwé ajẹ́lẹ̀ léèrè pé ta ló kọ ọ́ àti kí ló ń wá, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a bi àpótí.

Ìbéèrè yẹn ló tú àṣírí Amuro. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, W. A. Lamborn, onímọ̀ kòkòrò ìjọba Gúúsù Nàìjíríà, kó labalábá àti èèrà jọ ní Oni, ní ìlà-oòrùn Èkó, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí E. B. Poulton ní Oxford. Lákòókò kan náà, abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kàbà àti agbègbè rẹ̀ wà. Iṣẹ́ Lamborn kò dé ibẹ̀. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì fà sáàárín ọmọ Yorùbá dé inú àpótí kòkòrò pẹ̀lú. Lóòótọ́, J. T. Medler to orúkọ àwọn kòkòrò Nàìjíríà sínú ìwé ní 1980, ilé àkójọ IITA ní ilẹ̀ Benin sì ní ju 300,000 kòkòrò lọ. Ṣùgbọ́n àtòjọ orúkọ ń sọ ohun tó wà. Kì í sọ bó ti pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oúnjẹ àti owó. Kajú tí àgbẹ̀ Kogi ń tà, àti igi ẹmi tí à ń rí òrí lára èso rẹ̀, kòkòrò ni wọ́n nílò kí wọ́n tó so dáadáa. Bí àgbà kan bá ní oyin ti dínkù láti ìgbà tí oògùn apakoríko ti dé, kò sí àpótí tí yóò jẹ́rìí sí i, kò sì sí èyí tí yóò já a nírọ́. Ó rọrùn fún aláṣẹ láti dágunlá.

Ọ̀nà méjì ló kù. Èkíní ni kí a gba ẹ̀rí àwọn afọ́yin àti àgbẹ̀, kí a sì fi ohun tí gbogbo ènìyàn rántí díwọ̀n ọdún rẹ̀: dídá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, àti Kogi ní 1991. Èkejì ni kí a bẹ̀rẹ̀ àkójọ nísinsìnyí, kí orúkọ abúlé, ọjọ́ àti orúkọ igi ní èdè Okun wà lára pélébé ìwé rẹ̀, kí àpótí náà sì wà nítòsí. Ẹni tí yóò kọ ìtàn oko Amuro ní ọdún 2100 kò ní rí ti 1913 lò. Ó yẹ kó rí tiwa.